Ẹní Tí Kòkòrò Tẹ́: Àgbéyẹ̀wò Ohun Tí Òkúta Lè Sọ Nípa Òkun Àtijọ́

Ẹni tó bá ti fọ dúrọ́ọ̀mù omi tó pẹ́ lẹ́yìn ilé rí yóò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Omi ti fà dé ìdajì, ara dúrọ́ọ̀mù ti ní àwọ̀ ewé, ó ń yọ̀ bí ilá. Fi èékánná họ ọ́, yóò ṣí kúrò bí awọ. Wò ó dáadáa, wàá rí iyanrìn wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló gbé iyanrìn náà wá, ohun tó ń yọ̀ yẹn ló sì dì í mú tí kò fi rì lọ sísàlẹ̀. Ọṣẹ àti kànrìnkàn ló kàn.

Ká wá ní kò sí ẹni tó fọ dúrọ́ọ̀mù yẹn fún ẹgbẹ̀rún ọdún, tí ẹfun sì ti yọ́ sínú omi rẹ̀ bó ṣe wà nínú omi òkun. Iyanrìn á bà lé e, ohun tó ń yọ̀ á gun orí iyanrìn, òmíràn á tún bà lé e. Kì í ṣe ìdọ̀tí la máa bá níbẹ̀ mọ́. Òkúta la máa bá, òkúta tí ìpele rẹ̀ fẹ́lẹ́, tó wà lórí ara wọn bí ojú ewé ìwé.

Irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní stromatolite. Inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti yọ orúkọ náà: apá kìíní ni ohun tí a tẹ́ sílẹ̀, apá kejì ni òkúta. Ẹní òkúta, ká kúkú pè é bẹ́ẹ̀.

Ayé ti tó bílíọ̀nù ọdún mẹ́rin ààbọ̀. Nínú gbogbo ìgbà yẹn, ohunkóhun tó ní egungun tàbí ìkarahun kò tíì dé títí di nǹkan bíi mílíọ̀nù 550 ọdún sẹ́yìn. Kò sí ẹja, kò sí akàn, kò sí ìsáwùrú. Kòkòrò àìfojúrí ló ni òkun, ẹní tí wọ́n tẹ́ sì ni ohun tó hàn sójú jù nínú ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òkun ìgbà náà ṣe rí, bóyá ó jìn, bóyá ọ́síjìn wà nínú rẹ̀, bóyá ìgbì ń jà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ òkúta yìí ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà.

Ṣé ẹ̀rí òkúta ṣeé gbà? Ohun tí àgbéyẹ̀wò yìí fẹ́ tú wò nìyẹn. Èrò tèmi ni pé ó ṣeé gbà, bí a bá jẹ́ kí gbogbo ẹlẹ́rìí sọ tẹnu wọn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Púpọ̀ nínú àwọn tó ti kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni wọ́n gbọ́ kí wọ́n tó dájọ́.

Bí ẹní ṣe ń di òkúta

Olórí àwọn kòkòrò tó ń tẹ́ ẹní yìí ni àwọn bakitéríà tí wọ́n ń pè ní cyanobacteria. Iṣẹ́ ewé ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ, wọ́n sì ń tú ọ́síjìn jáde. Púpọ̀ nínú wọn rí bí fọ́nrán òwú, wọ́n sì lè wọ́ kiri. Ara wọn ń sun ohun kan tó ń fà bí ewédú. Bí iyanrìn bá bò wọ́n tí wọn ò rí oòrùn mọ́, wọn á wọ́ gba àárín iyanrìn náà jáde, wọn á sì tún ẹní mìíràn tẹ́ sórí rẹ̀. Lábẹ́ wọn, àwọn bakitéríà tí kò fẹ́ rí ọ́síjìn sójú á máa jẹ òkú àti àjẹkù àwọn tòkè. Nínú gbogbo kùrùkẹrẹ yìí ni ẹfun inú omi ti ń dì, tó ń lẹ iyanrìn pọ̀ bíi sìmẹ́ǹtì.

Ní erékùṣù Highborne Cay ní Bahamas, níbi tí irú ẹní bẹ́ẹ̀ ṣì ń hù nínú omi òkun lónìí, R. Pamela Reid àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo iṣẹ́ yìí láti ìtòsí, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2000. Wọ́n rí i pé ìgbésẹ̀ mẹ́ta ló ní. Nígbà tí ìgbì bá ń da iyanrìn lù wọ́n, àwọn bíi fọ́nrán òwú ló máa ń dì í mú. Bí omi bá rọ̀, awọ yíyọ̀ á bo orí ẹní náà, ẹfun fẹ́lẹ́ kan á sì dì mọ́ ọn. Bí omi bá pẹ́ kó tó tún ru, àwọn bakitéríà kẹta á lu ihò wọ inú hóró iyanrìn, ẹfun á kún ihò wọ̀nyẹn, hóró kan á sì so mọ́ èkejì. Nígbà náà ni ẹní di òkúta gidi.

Ìpele kọ̀ọ̀kan, nígbà náà, ń pa àṣírí omi mọ́: pé ó ru lásìkò yìí, pé ó dákẹ́ lásìkò tọ̀hún. Ìrètí pé a lè ka àṣírí bẹ́ẹ̀ lára òkúta tó ti wà fún bílíọ̀nù ọdún ló gbé àwọn onímọ̀ wọ inú iṣẹ́ yìí.

Kí wọ́n tó mọ ohun tó jẹ́

Ọ̀rọ̀ náà kò yé wọn bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1883, James Hall, onímọ̀ nípa ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York, fún àwọn òkúta roboto kan nítòsí Saratoga Springs lórúkọ. Ojú wọn dà bí àlùbọ́sà ńlá tí a bẹ́ sí méjì. Cryptozoon ló pè wọ́n, ìyẹn ẹranko tó fara pamọ́. Ní 1908, Ernst Kalkowsky rí irú rẹ̀ ní àgbègbè òkè Harz ní Jámánì. Òun ló sọ wọ́n ní orúkọ tí a ń lò lónìí, ó sì ní ohun ẹlẹ́mìí ló kọ́ wọn. Apanilẹ́rìn-ín ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà lónìí pé inú adágún ni àwọn òkúta Harz yẹn ti hù. Òkúta tí gbogbo ayé ń bi ní ìtàn òkun, ọmọ adágún ni wọ́n sọ lórúkọ rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló gbà. Ní 1931, A. C. Seward, àgbà onímọ̀ nípa ewéko ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé ẹ̀rí kò tó: òkúta lè dì ní ìpele-ìpele láìsí ọwọ́ ohun ẹlẹ́mìí kankan nínú rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Maurice Black jábọ̀ láti erékùṣù Andros ní Bahamas pé òun ti rí ẹní kòkòrò tó ń mú iyẹ̀pẹ̀ ẹfun mọ́lẹ̀, tó sì ń to ìpele lé ìpele lójú ayé. Síbẹ̀, ohun tí Black rí ṣì rọ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ni èyí tó ti le, tó dúró bí ti àtijọ́.

Hamelin Pool, olùkọ́ tó ṣini lọ́nà

Etíkun ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà ni wọ́n ti rí i. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ dé ibi kan tí wọ́n ń pè ní Hamelin Pool, nínú Shark Bay, wọ́n sì bá òkúta dúdú tó rí bí àpótí ìjókòó, tó pọ̀ lọ súà létí omi. Ẹní kòkòrò bo orí wọn, wọ́n sì ń dàgbà lọ́wọ́. Brian Logan kọ nípa wọn ní 1961, òkìkí ibẹ̀ sì kàn. Láti 1991 ni Shark Bay ti wà lára àwọn ibi tí àjọ UNESCO kà sí ogún gbogbo aráyé.

Kí ló dé tó jẹ́ ibẹ̀? Koríko òkun ti kó iyanrìn jọ sí ẹnu ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé, omi tó wọlé kò tètè rọ́nà jáde, oòrùn sì ń fà á gbẹ. Iyọ̀ omi ibẹ̀ wá fi nǹkan bí ìlọ́po méjì ju ti òkun lásán lọ. Ìsáwùrú àti àwọn ẹran omi mìíràn tí wọn ìbá máa họ ẹní yìí jẹ kò lè fara da iyọ̀ náà. Kòkòrò nìkan ló kù, wọ́n sì ń tẹ́ ẹní wọn láìsí ìyọlẹ́nu.

Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ti wá, òun náà sì ni ó bí àṣìṣe àkọ́kọ́. Nítorí pé àwọn tí Logan kọ́kọ́ rí wà níbi tí omi ti ń kún tó sì ń fà, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé níbikíbi tí a bá ti rí òkúta yìí, etíkun ni ibẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwòrán òkun àtijọ́ ni wọ́n yà lórí ìlànà yìí. Ṣùgbọ́n ní 1976, Phillip Playford àti A. E. Cockbain fi hàn pé ní Hamelin Pool gan-an, púpọ̀ nínú wọn ń hù lábẹ́ omi tí kì í fà kúrò lórí wọn. Nígbà tó tún yá, wọ́n rí òmíràn tó ga ju èèyàn lọ lábẹ́ òkun Bahamas, níbi tí iyọ̀ omi kò ti ju ti òkun lásán lọ, tí omi sì ń sáré. Iyọ̀ púpọ̀ kì í ṣe dandan, etíkun kì í ṣe dandan. Apá kan ilé ni wọ́n ti wò tí wọ́n fi sọ bí gbogbo ìlú ṣe rí.

Ẹlẹ́rìí kìíní: ìrísí

Ìrísí ni ojú kọ́kọ́ ń rí. Àwọn kan tẹ́ pẹrẹsẹ, àwọn kan rí bí orí àwo tí a da bolẹ̀, àwọn kan dúró bí òpó, àwọn kan ṣe ṣóńṣó lórí. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu wọn kì í ṣe kékeré. Níbi tí ìgbì bá ti ń lọ síwá sẹ́yìn lójú kan, òpó àti òkìtì wọn a máa gùn sí ọ̀nà tí ìgbì náà ń gbà, ẹni tó bá wọn àpapọ̀ wọn yóò mọ ibi tí etíkun kọjú sí. Àwọn oníṣóńṣó, tí wọ́n ń pè ní Conophyton, ń sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ṣóńṣó tó fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè dúró níbi tí ìgbì ti ń jà, wọ́n sì fi ń mọ ibi tí omi ti dákẹ́.

Ṣùgbọ́n ìrísí nìkan ti ba ẹjọ́ jẹ́ rí. Ní 1985, James Vanyo àti Stanley Awramik wo àwọn òpó kan láti Bitter Springs ní àárín gbùngbùn Ọsirélíà, tí ọjọ́ orí wọn tó mílíọ̀nù 850 ọdún. Àwọn òpó náà wọ́ bí ejò. Wọ́n ní oòrùn ni wọ́n ń tẹ̀ lé, tó jẹ́ pé wíwọ́ kan lọ sí ọ̀tún kan sí òsì jẹ́ ọdún kan. Wọ́n ka ìpele tó wà láàárín, wọ́n sì ní nǹkan bí 435 ọjọ́ ló wà nínú ọdún nígbà náà. Ọ̀rọ̀ tó dùn létí ni, ìwé sì gbé e kiri. Ní 2007, George Williams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà sí ibi tí òkúta náà ti wá, wọ́n wọn ọ̀pọ̀ òpó dípò ẹyọ kan, wọn kò sì rí i pé oòrùn kankan ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Ẹjọ́ tó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ dé ní 1996. John Grotzinger àti Daniel Rothman fi ìṣirò hàn pé iyẹ̀pẹ̀ tó ń bà lélẹ̀ àti ẹfun tó ń dì fúnra rẹ̀ lè bí ìrísí tó jọ ti ẹní kòkòrò, láìsí kòkòrò kankan. Ohun tí Seward sọ ní 1931 ni ìṣirò wọn tún gbé dìde. Láti ìgbà náà, kò sí onímọ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ń fi ìrísí nìkan pe òkúta ní ohun ẹlẹ́mìí.

Ẹlẹ́rìí kejì: ohun tó wà nínú

Bí wọ́n bá gé òkúta náà fẹ́lẹ́ títí ìmọ́lẹ̀ fi lè là á kọjá, ohun tí ojú kò rí lóde á jáde. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń wò ni bóyá hóró iyanrìn ló kún inú rẹ̀ tàbí ẹfun tó dì láti inú omi. Ti Bahamas òde òní, hóró ni púpọ̀ rẹ̀. Ti ìgbà láéláé, ẹfun tó dì tààrà ló pọ̀ jù. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ti kòkòrò nìkan. Ti omi ni.

Gúúsù Áfíríkà ni ibi tó dára jù láti rí i. Òkúta ẹfun Campbellrand, tó dì láàárín bílíọ̀nù 2.6 sí 2.5 ọdún sẹ́yìn, fi bí ìsàlẹ̀ òkun ṣe lọ láti etíkun dé ibi jíjìn hàn, ìrísí ẹní sì ń yí padà bí omi ṣe ń jìn sí i. Níbẹ̀ kan náà, kírísítálì ẹfun hù gbọọrọ sókè láti ìsàlẹ̀ òkun, wọ́n na ara wọn bí abẹ̀bẹ̀. Òkun òde òní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Dawn Sumner àti Grotzinger gbé àlàyé kan kalẹ̀ ní 1996: irin pọ̀ nínú omi òkun ìgbà náà nítorí pé ọ́síjìn kò sí tí yóò sọ ọ́ di ìpẹtà, irin yìí ni kì í jẹ́ kí ẹfun dì ní hóró wẹ́wẹ́ láàárín omi. Ẹfun wá pọ̀ lápọ̀jù nínú omi, orí ohun tó bá ti wà nílẹ̀ nìkan ló ń rí dì sí. Bí a bá gbà bẹ́ẹ̀, abẹ̀bẹ̀ òkúta kan ti sọ ohun méjì fún wa: pé ẹfun kún òkun, pé ọ́síjìn sì ṣọ̀wọ́n níbẹ̀.

Ohun kékeré kan wà tí mo fẹ́ ká fi ojú wò dáadáa. Bí ẹnìkan bá gé òkúta oníṣóńṣó láti orí dé ìdí, ìpele rẹ̀ á tẹ̀ bí òrùlé. Ní ṣóńṣó gan-an, nígbà mìíràn, ìpele á wú, á sì yí po bíi pé nǹkan roboto kan wà lábẹ́ rẹ̀. Tanja Bosak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́ irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ nínú yàrá ìwádìí, wọ́n sì rí ohun tó ń wú: ìwúléfòó ọ́síjìn ni, tí àwọn kòkòrò náà tú jáde tí awọ wọn sì dá dúró ní ṣóńṣó. Ìwé wọn jáde ní 2009. Wọ́n ti rí irú àmì wíwú yìí nínú òkúta tó tó bílíọ̀nù 2.7 ọdún. Nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.4 ọdún sẹ́yìn ni ọ́síjìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ nínú afẹ́fẹ́ ayé. Bí ẹ̀rí yìí bá dúró, àwọn kan ti ń ṣe ọ́síjìn nínú omi tipẹ́tipẹ́ kó tó kún ojú ọ̀run.

Ẹlẹ́rìí kẹta: ohun tó yọ́ sínú omi

Ẹni tó mọ ọbẹ̀ í sè kò ní láti wà nídìí ààrò kó tó mọ ohun tí wọ́n fi sè é. Yóò tọ́ ọ wò. Bẹ́ẹ̀ ni ẹfun ṣe ń gbé adùn omi tó ti inú rẹ̀ dì pamọ́. Àwọn mẹ́táàlì kan wà tó ṣọ̀wọ́n, tí ìwà wọn jọra bí ọmọ ìyá, àmọ́ tí omi òkun máa ń pín ní ìwọ̀n tirẹ̀. Nínú òkun òde òní, àwọn tó fúyẹ́ nínú wọn kéré, àwọn tó wúwo pọ̀ sí i, yttrium sì pọ̀ ju bó ṣe wà nínú àwọn òkúta orí ilẹ̀ lọ. Cerium ń dín kù, nítorí ọ́síjìn máa ń yí i padà títí yóò fi lẹ̀ mọ́ ìdọ̀tí, tí yóò sì rì. Europium a máa pọ̀ bí omi gbígbóná láti inú ilẹ̀ bá ń da sínú òkun. Omi odò kì í ní àpapọ̀ àmì wọ̀nyí.

Ní 2003, Martin Van Kranendonk, Gregory Webb àti Balz Kamber lo ọ̀nà yìí lórí òkúta Strelley Pool ní àgbègbè Pilbara, ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà, tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó bílíọ̀nù 3.43 ọdún. Àmì omi òkun ni wọ́n bá níbẹ̀. Nínú òkúta ìgbà yẹn, europium máa ń pọ̀, cerium kì í sì í dín bíi ti òde òní. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé omi gbígbóná láti inú ilẹ̀ ń da sínú òkun gan-an, ọ́síjìn kò sì tíì kún un.

Ọ̀nà yìí kan náà ti gba ẹjọ́ mìíràn lọ́wọ́ òkun. Òkúta Tumbiana, ní Pilbara náà, jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.72 ọdún, ẹní rẹ̀ sì dára débi pé èèyàn á rò pé òkun ló bí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí Robert Bolhar àti Van Kranendonk tọ́ ọ wò, ní 2007, kò ní adùn òkun. Adágún ni wọ́n kà á sí. Ẹni tó bá ti fi ìrísí rẹ̀ nìkan yàwòrán òkun ìgbà náà ti ya òkun tí kò sí níbẹ̀.

Síbẹ̀, ẹlẹ́rìí yìí náà ní àbùkù tirẹ̀. Ẹní kòkòrò kì í ṣe àwo lásán tí omi dà sí. Ilé ni, àwọn onílé sì ń ṣe omi inú rẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Ní Lagoa Vermelha, ọ̀sà kan ní ìpínlẹ̀ Rio de Janeiro ní Brazil, Crisógono Vasconcelos àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1995 pé bakitéríà inú ẹrẹ̀ ibẹ̀ lè mú kí òkúta dolomite dì, òkúta tí omi lásán kì í tètè bí ní irú ooru bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí a bá tọ́ òkúta wò, ó yẹ ká bi í léèrè: ṣé adùn òkun ni tàbí adùn ilé?

Ẹlẹ́rìí kẹrin: àwọn aládùúgbò

Onímọ̀ tó gbọ́n kì í gé ẹní náà kó sì gbé e lọ. Yóò kọ́kọ́ wo ohun tó yí i ká. Ṣé àmì ìgbì wà lórí iyanrìn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀? Ṣé ẹrẹ̀ ibẹ̀ sán bí ẹrẹ̀ tó gbẹ nínú ọ̀gbẹlẹ̀? Ṣé àmì kírísítálì iyọ̀ wà? Àwọn aládùúgbò ni wọ́n máa ń mọ ẹni tó ń purọ́.

Iṣẹ́ tó fi èyí hàn jù lọ ni ti Abigail Allwood àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Strelley Pool, tó jáde ní 2006. Dípò kí wọ́n jókòó ti òkúta kan, wọ́n tọ ìpele náà lọ fún nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá. Oríṣi ìrísí méje ni wọ́n rí. Kò sí èyí tó hù níbi tó wù ú. Bí ibùdó ṣe ń yí padà ni ìrísí ń yí padà. Ní ìsàlẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni òkúta wóróbo tí ìgbì ti yí létíkun, lókè rẹ̀ ni ẹní, àti níbi tí omi gbígbóná àti iyẹ̀pẹ̀ mìíràn ti gba ibẹ̀, ẹní kò sí mọ́. Bí kẹ́míkà nìkan ló kọ́ wọn, èwo ni tirẹ̀ nínú yíyan ibùdó? Ìrísí, adùn àti aládùúgbò sọ ọ̀rọ̀ kan náà, ẹjọ́ sì dúró.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí wé ti Greenland. Ní 2016, Allen Nutman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé àwọn ti rí ẹní tó tó bílíọ̀nù 3.7 ọdún ní Isua. Ọ̀rọ̀ náà mi ayé sáyẹ́ǹsì. Ní 2018, Allwood àti àwọn ẹlẹgbẹ́ tirẹ̀ dáhùn pé àwọn lọ wo ìhà kejì òkúta náà. Ohun tó dà bí ṣóńṣó lójú kan jẹ́ òkè gígùn bí ebè bí a bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, àwọn kan tilẹ̀ dojú bolẹ̀. Wọ́n ní ìfúnpá ilẹ̀ ló tẹ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí òkúta ti dì. Àwọn tó kọ́kọ́ kéde kò tíì gbà, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé ẹjọ́ wọn dìde ní láti wá ẹlẹ́rìí sí i.

Níbi tí ẹfun kò ti sí, aládùúgbò nìkan ló kù. Nora Noffke ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàkójọ ipa tí ẹní fi sílẹ̀ lórí iyanrìn: ojú iyanrìn tó hunjọ bí awọ àgbàlagbà, àwọn igun ẹní tó ká bí ìgbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ gbẹ ẹ́. Irú ipa bẹ́ẹ̀ wà nínú òkúta Moodies ní Gúúsù Áfíríkà, tó tó bílíọ̀nù 3.2 ọdún, níbi tí omi òkun ti ń kún tó sì ń fà. Ẹní tó rọ̀ ti lọ. Ibi tó fara lé ṣì ń sọ̀rọ̀.

Ìgbà tí wọ́n kúrò, àti ìgbà tí wọ́n padà

Bí wọ́n ṣe pọ̀ tó àti bí wọ́n ṣe dín kù jẹ́ ẹ̀rí pẹ̀lú. Ní 1971, Awramik kà wọ́n, ó sì rí i pé oríṣiríṣi wọn ga jù ní nǹkan bíi bílíọ̀nù kan ọdún sẹ́yìn, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń dín kù. Àlàyé tó gbajúmọ̀ ni pé ẹran omi ti dé, wọ́n sì ń họ ẹní jẹ. Ẹ̀rí Hamelin Pool ti àlàyé yìí lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n apá kan nínú ìdínkù náà ti ṣẹlẹ̀ kí ẹran omi tó dé rárá. Àwọn mìíràn ní omi òkun fúnra rẹ̀ ló yí padà, pé ẹfun inú rẹ̀ ti dín kù débi tí ẹní kò fi rí ohun tó lè le. Mo rò pé àlàyé méjèèjì ló ní ipa tirẹ̀, ní ìgbà tirẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní mílíọ̀nù 252 ọdún sẹ́yìn fi èyí hàn. Ìparun tó ga jù nínú ìtàn òkun dé, ohun tó ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àwọn irú ẹran omi lọ ló kú run. Láìpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ẹní kòkòrò padà wá sí àwọn òkun tí kò jìn ní gúúsù Ṣáínà àti àwọn ibòmíràn, níbi tí wọn kò ti pọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Onílé ti kú, ẹni tí wọ́n lé jáde padà wọlé. Àmọ́ omi náà tún ti yí padà lẹ́ẹ̀kan náà: ó gbóná, ọ́síjìn rẹ̀ dín kù. Ẹlẹ́rìí méjì ló tún ń sọ̀rọ̀ papọ̀.

Ní apá tiwa, àti ní ojú ọ̀run

Kì í ṣe Ọsirélíà nìkan ló ni wọ́n. Ní Atar ní Mauritania, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà, òkúta tó tó bíi bílíọ̀nù 1.1 ọdún dúró ní ṣóńṣó àti ní ẹ̀ka, tí ó sì ṣe kedere débi pé àwọn onímọ̀ láti gbogbo ayé ń lọ wò ó. Òkun wà níbi tí iyanrìn gbígbẹ wà lónìí. Ẹni tó bá dé Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn náà lè rí irú ìyanu bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀n kékeré. Òkúta ẹfun tí wọ́n ń lọ̀ ṣe sìmẹ́ǹtì níbẹ̀, ìsàlẹ̀ òkun ló ti wá, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 ọdún sẹ́yìn. Kì í ṣe ẹní kòkòrò bíi ti Atar. Ìkarahun ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ìyẹn pàápàá ń sọ ọ̀rọ̀: nígbà tí òkun dé Ewékorò, ẹran omi ti gba ilé lọ́wọ́ kòkòrò.

Ẹ̀kọ́ yìí ti bá wọn dé pílánẹ́ẹ̀tì Mars. Nígbà tí ọkọ̀ Perseverance gúnlẹ̀ sínú kòtò Jezero ní oṣù kejì 2021, ó gbé irin iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní PIXL lọ́wọ́, Allwood ló sì ṣáájú àwọn tó ṣe é. Ó ń wo ohun tó wà nínú òkúta ní hóró-hóró, tó fi lè so ìrísí pọ̀ mọ́ adùn lójú kan náà. Ẹni tó ti dá ẹjọ́ Isua mọ ohun tó lè ṣini lọ́nà níbi tí kò ti sí aládùúgbò tó fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi Hamelin Pool parí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kó irun àgùntàn láti oko lọ sójú omi níbẹ̀, orí àwọn ẹní yìí ni kẹ̀kẹ́ ẹrù ń gbà kọjá. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ohun ẹlẹ́mìí lòun ń tẹ̀. Ipa kẹ̀kẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, nítorí ẹní tó ń ga ní bí ìdajì mìlímítà lọ́dún kì í tètè bo ojú ọgbẹ́. Bí ẹnìkan bá bá ipa yẹn nínú òkúta lẹ́yìn ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, tó sì wo ìrísí rẹ̀ nìkan, yóò sọ pé ìṣàn omi ló là á. Àfi kó wo inú rẹ̀, kó tọ́ ọ wò, kó sì bi àwọn aládùúgbò léèrè, kó tó mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ ló kọjá.